Àjẹṣẹ́kù Ọdún: Ìgò Àwárí Fún Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìṣirò èlé, kì í sì í ṣe ti bí akọ̀wé ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ̀kọ́ abẹ́lé ni. Ó kan bàbá, ó kan ìyá, ó kan ọmọ ọdún méje, ó sì kan ìkókó tí ń rá lórí ẹní pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí á wo ẹ̀yìn àga ní pálọ̀. Kò sí ilé ọlọ́mọ tí ọdún wọ̀ tí a kò ní bá nǹkan níbẹ̀: fèrè oníke tí kò dún mọ́, mọ́tò tí táyà rẹ̀ ti yọ, aago ọwọ́ oníke, awò ojú tí apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ilẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ ti já, ọta wínníwínní ìbọn ìṣeré, òrùka tí ń tàn bí iná. Òmíràn ti ọwọ́ Bàbá Kérésìmesì wá. Òmíràn wá láti inú ọ̀rá tí wọ́n pín níbi ọjọ́ ìbí ọmọ aládùúgbò. Òmíràn sì jẹ́ èyí tí ọmọ fi owó ọdún tí àwọn ẹbí fún un nígbà Iléyá rà lọ́wọ́ oníkiri kí á tó ṣẹ́jú. Lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó gidi ni, àwọn kan nínú wa sì yá lára owó náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ohun ìṣeré náà bàjẹ́ ní ọjọ́ kẹta ọdún. Orúkọ wa ṣì wà nínú ìwé akápò títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe lásán ni a ń pe irú ẹgbẹ́ wa yìí ní àjẹṣẹ́kù. Ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù, òun ni ẹgbẹ́ lè bá kó owó jọ. Àwọn àkúfọ́ àti àkúdá ohun ìṣeré wọ̀nyí, àjẹṣẹ́kù ni àwọn náà, bí a kò bá gbá wọn dà sí ààtàn. Àwọn tó dàgbà nínú wa yóò rántí pé agolo mílíìkì àti agolo sadíìnì ni a fi ń kan mọ́tò nígbà èwe wa, tí ìdérí ìgò sì ń jẹ́ táyà. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ju ẹ̀gbọ́n wa lọ. Ọmọ òde òní ní ohun èlò ju tiwa lọ. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò jókòó tì í.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ ara wa láti ṣe ni èyí tí a pè ní ìgò àwárí. Ìgò oníke tó mọ́ gaara ni, tí a da yanrìn gbígbẹ sí, tí a fi àwọn nǹkan kéékèèké pamọ́ sáàárín yanrìn náà, tí a sì dí lẹ́nu pa. Ọmọ yóò máa yí i síwá sẹ́yìn, yóò máa wá ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yóò ṣe máa wá táyà mọ́tò rẹ̀, kò ní sinmi títí yóò fi yọjú. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ọ̀sán kan lọ, bí yanrìn bá ti gbẹ sílẹ̀.

Ẹ KỌ́KỌ́ ṢA ELÉWU KÚRÒ

Níbi yìí ni kí á ti fara balẹ̀, nítorí pé òun gan-an ni ìdí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ jù sílẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ ni yóò ṣà á. Ọwọ́ ìkókó kì í rí nǹkan kí ó má gbé e dé ẹnu. Nítorí náà, kí á tó sọ̀rọ̀ ìgò rárá, kí á kó gbogbo nǹkan náà jọ sínú fàráńtì kan, kí á gbé e sórí tábìlì tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí àgbàlagbà sì ṣà á ní ẹyọ ẹyọ.

Èkíní tí a ó ṣà sọ́tọ̀ ni ohunkóhun tó ní bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí bọ́tìnnì. Ó máa ń wà nínú aago ọmọdé, nínú òrùka àti bàtà tí ń tàn, nínú tọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi ń so kọ́kọ́rọ́, àti nínú káàdì Kérésìmesì tí ń kọrin bí a bá ṣí i. Bátìrì yìí kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, iná inú rẹ̀ yóò máa bá itọ́ ọmọ náà ṣiṣẹ́, yóò sì máa jó ẹran ara níbẹ̀. Láàárín wákàtí 2 péré, ó ti lè ṣe ọṣẹ́ tó burú jáì, ó sì ti pa ọmọ rí ní oríṣiríṣi ilẹ̀. Ẹni tó bá fura pé ọmọ gbé e mì, kí ó má ṣe fún un ní epo pupa, kí ó má ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kí ó bì. A mọ̀ pé epo pupa ni ìyá àgbà máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kí á bẹ̀ wọ́n pé epo kọ́ ni ti eléyìí. Ọsibítù tó ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara ni kí á gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀, kí á sì sọ fún dókítà pé bátìrì ni a ń fura sí.

Èkejì ni òòfà, irin tí ń fa irin. Ẹyọ kan lè bá ìgbẹ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọn yóò máa fa ara wọn láti inú ìfun kan sí èkejì, ìfun tó wà láàárín wọn yóò sì lu. Ẹ̀kẹta ni bàlúùnù, rọ́bà tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kí ó lè wú. Èyí tó ti bẹ́ burú ju èyí tó wú lọ, nítorí pé àjákù rọ́bà náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí bí awọ. Bátìrì, òòfà àti àjákù bàlúùnù, àwọn mẹ́ta yìí kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò wa, bó ti wù kí a dí i tó. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó bá mú lẹ́nu.

A tún gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun kan tí kì í ṣe ti oníṣòwò. Àwọn ọmọ máa ń ṣa èso igbó kéékèèké pupa tó ní ojú dúdú, èyí tí à ń pè ní ojú ológbò, nítorí ẹwà rẹ̀. Òmíràn yóò mú un wá pé kí á fi kún ti inú ìgò. Májèlé líle ni inú èso náà, pàápàá bí a bá gé e jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóró làpálàpá. Kí á gbà á lọ́wọ́ wọn, kí á sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Àwọn tó kù lẹ́yìn èyí ni tiwa. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ìgò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ní ihò róbótó kan tí wọ́n fi ń wọn ohun ìṣeré, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.17, ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán kì í ṣe ti ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3. Ẹnu ìgò mínírà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá gba ẹnu ìgò kọjá lè dí ọmọ lọ́fun. Ẹ má sì wá rò pé èyí tí kò gbà á kọjá ti bọ́ lọ́wọ́ ewu o. Kí á kó èyí tó tóbi díẹ̀ sínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò tí àwọn onísúwíìtì fi ń pàtẹ.

Bí nǹkan bá sì há ọmọ lọ́fun, tí kò lè sunkún, tí kò lè wúkọ́, kí á má ṣe máa ki ìka wá a kiri, nítorí pé ó lè tì í wọlé sí i. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan, kí á dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá wa, kí orí rẹ̀ relẹ̀ ju ìdí lọ, kí á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá yọ, kí á dá a dùbúlẹ̀, kí á fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbá. Èyí tó ti ju ọdún kan lọ, kí á gbá a lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Bí kò bá yọ, kí á dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí á di ẹ̀ṣẹ́ sí òkè ìdodo rẹ̀, kí á fà á wọnú sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí ẹlòmíràn ti máa sáré wá ọkọ̀ ní gbogbo àkókò yìí.

ÌGÒ ÀTI OHUN TÍ A Ó DÀ SÍ I

Ìgò mínírà oníke ni kí á wá, kì í ṣe ìgò omi tí ń rún wómúwómú lọ́wọ́. Ìgò àwọn elẹ́pà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé gíláàsì ni, ó sì lè fọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Kí á fọ̀ ọ́, kí á ya bébà ara rẹ̀ kúrò, kí á dojú rẹ̀ dé ní oòrùn fún ọjọ́ kan gbáko. Omi díẹ̀ tó bá kù nínú rẹ̀ yóò mú kí yanrìn máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò.

Àwọn kan máa ń lo ìrẹsì. A kò bá wọn lọ síbẹ̀. Yàtọ̀ sí pé kòkòrò yóò wọ̀ ọ́ kí oṣù mélòó kan tó pé, kò yẹ kí ọmọ máa fi oúnjẹ ṣeré nínú ilé tí a ti ń fi kóńgò wọn ìrẹsì rà. Yanrìn odò kò ní owó lórí. Kí á jọ̀ ọ́ pẹ̀lú ajọ̀, kí á ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí á sá a gbẹ dáadáa. Wàhálà kan ṣoṣo tí yanrìn ní ni ìwúwo. Bí a bá da yanrìn sínú ìgò líítà kan ààbọ̀ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, yóò ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Bí ọmọ bá sọ ìyẹn lu àbúrò rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ọsibítù. Ìgò 50 cl ni a fọwọ́ sí. Bí a bá da yanrìn sí i dé ìwọ̀n kan náà, bí ààbọ̀ kílò ni yóò wọ̀n. Fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì le, kí á lo èèpo ẹ̀gúsí tó gbẹ dípò yanrìn. Ó fúyẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́wọ́ àwọn tí ń bó o lọ́jà.

Kí á má ṣe kún ìgò dé ẹnu. Bí kò bá sí àyè lókè, yanrìn kò ní lè yí, kò sì ní sí àwárí kankan. Ẹ ó sì rí ohun kan tí yóò ya yín lẹ́nu: bí ọmọ bá ń mi ìgò náà sókè sódò, àwọn nǹkan tó tóbi ni yóò máa gòkè wá, yanrìn yóò sì máa lọ sísàlẹ̀, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí a bá mì í, hóró yanrìn kéékèèké máa ń yọ́ bọ́ sábẹ́ èyí tó tóbi. Eré ti parí nìyẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí á kọ́ ọmọ láti dá ìgò dùbúlẹ̀, kí ó máa yí i bí ẹni yí ọlọ. Ọmọ tó bá béèrè ìdí, kí á ṣe àlàyé náà fún un.

Ní ti iye, nǹkan 10 tó fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Fún ọmọ ilé ìwé, kí á kó 20 sí i, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Kí á tó kó wọn sínú ìgò, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tò wọ́n sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ wọn sórí páálí ní èdè Yorùbá, kí ó sì ya àwòrán wọn bí kò bá tí ì mọ̀wé. Èyí ni ìwé ìṣirò ìgò náà. Bí ẹgbẹ́ kò ti lè ṣe láìní ìwé ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni ìgò yìí.

Ìdí rẹ̀ kù: dídí ẹnu ìgò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí á ta gọ́ọ̀mù sí i, ó parí. Gọ́ọ̀mù nìkan kì í mú ìdérí ìgò mínírà pẹ́, nítorí irú ike tí wọ́n fi ṣe é. Kí á dé e le, kí á wá mú téèpù àwọn oníṣẹ́ iná, kí á fà á dáadáa, kí á wé e láti ara ìdérí dé ọrùn ìgò, ó kéré tán ní ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí, kí ọkùnrin tó lágbára jù nínú ilé gbìyànjú láti fi ọwọ́ ṣí i. Bí ó bá ṣí, a kò tí ì dí i.

BÍ A ṢE Ń FI ṢERÉ

Ìdí tí a fi sọ pé 20 rèé. Àwọn ọmọ wa tí ń ka iye ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í mọ ìdí tí a fi ń pe 16 ní ẹẹ́rìndínlógún. Pẹ̀lú ìgò yìí, wọn yóò fi ojú ara wọn rí i. Ọmọ tó ti rí nǹkan 16 nínú 20, mẹ́rìndínlógún ló rí, ogún dín mẹ́rin; mẹ́rin tó dín náà ni èyí tó ṣì fara pamọ́ sínú yanrìn. Bí ó bá rí òmíràn, ó di mẹ́tàdínlógún, ó ku mẹ́ta. Láti 15 dé 19, orúkọ iye náà ni yóò máa sọ fún un bí àwárí ṣe kù sí. Ṣé ẹ rí i pé àwọn baba wa kò kàn dédé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tí alẹ́ bá lẹ́, kí á fi pa àlọ́. Ẹni tó mú ìgò lọ́wọ́ yóò rí nǹkan kan, kò ní dárúkọ rẹ̀, àlọ́ ni yóò fi pa. Bí ó bá rí bọ́tìnnì, ó lè ní: ó ní ojú mẹ́rin, kò rí ọ̀nà. Bí ó bá rí fèrè: kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, bí a bá yá a ní èémí, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Bí ó bá rí táyà: ó ń sáré lọ sí Èkó, kò kúrò lábẹ́ baba rẹ̀. Ẹni tó bá já a ni yóò gba ìgò. Kí àwọn ọmọ máa dá tiwọn ṣe. A ó gbọ́ àwọn èyí tí kò bọ́gbọ́n mu rárá, kí á ṣáà rẹ́rìn-ín sí i.

ṢÍṢE É NÍNÚ ẸGBẸ́

Bí ilé kan bá dá a ṣe, nǹkan tó wà nínú ìgò rẹ̀ lè jọ ara wọn jù: fèrè 7, ọta ìbọn 13, àwárí wo ló wà nínú ìyẹn? Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ 15 bá mú 20-20 wá sí ìpàdé, 300 ni lórí tábìlì. Ìgò 15 náà ni yóò jáde, nǹkan 20 náà ni yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye kò lé, kò dín. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó mú fèrè àti ọta nìkan wá yóò gbé oríṣiríṣi nǹkan lọ sílé. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ra ohun ìṣeré kankan lọ́dún, kí ó bá wa ṣan yanrìn, tàbí kí ó mú téèpù wá, kí á sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sí ìpín rẹ̀. Ìgò ti ọmọ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ohunkóhun.

Ẹnìkan yóò béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè máa tà á. Lójú tiwa, kò yẹ. Ìgò tí a dí nílé wa, àwa la mọ bí a ṣe dí i, àwa la ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá rà á lọ́jà kò ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò náà kò le. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí á fọwọ́ kan téèpù, kí á wò ó bóyá ìgò ti sán níbì kan. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3 kò gbọdọ̀ dá mú un, kí àgbàlagbà wà níbẹ̀. Bí ìgò bá sán tàbí tó bá tú, kí á kọ́kọ́ gbé ìkókó kúrò nílẹ̀, kí á gbá gbogbo rẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ kan, kí á mú páálí tí ọmọ kọ orúkọ sí wá, kí á sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí 20 yóò fi pé. Bí ó bá jẹ́ mọ́kàndínlógún ni a rí, kí ìkókó má tí ì padà sórí ilẹ̀ náà.